Kànga Asímáwù

Iná ọba lọ ní agogo mẹ́sàn-án àbọ̀.
Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ẹ̀fọn ń fi ẹsẹ̀ mi jẹun alẹ́,
mo ń kọ kóòdù tí yóò máa ka gbèsè àwọn oníbàárà ìyá mi.

Kíláàsì àkọ́kọ́, mo pè é ní Aláró.
Ìyá àgbà ni mo ní lọ́kàn, Asímáwù,
tí èékánná rẹ̀ kò funfun rí títí wọ́n fi sin ín.
Mo kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: gúnèlú, sẹ́eérú, rẹṣọ, pọnmi.
Kíláàsì kejì ni Àwáwù, ìyá mi.
Ó jogún gbogbo rẹ̀,
bí ó ti jogún ìkòkò méje
àti òrùlé tó ń jò.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í rẹṣọ bí ìyá rẹ̀.
Kọ́sítíìkì ló ń lò.
Ohun tó ń gba ọjọ́ méje,
á ti parí kí a tó jẹun ọ̀sán.
Mo tún rẹṣọ kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀:
orúkọ iṣẹ́ kò yí, ọwọ́ ló yí.
Bí oníbàárà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ké "Aláró o!",
ẹni tó bá wà nínú ilé ni yóò dáhùn,
bí ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò ṣe é.

Ó wá ku pọnmi.
Asímáwù fi í sí gbangba:
ẹnikẹ́ni tó bá ti ní korobá.
Lábẹ́ Àwáwù, mo kọ "ìkọ̀kọ̀" síwájú rẹ̀.
Ẹ̀rọ fa ìlà pupa:
o fẹ́ dín àyè kù, kò ṣeé ṣe.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ rí.
Ọdún tí ìyá àgbà kú,
ìyá mi ra àgádágodo, ó fi ti ìdérí kànga.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, korobá ti tò dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásì.
Bàbá Gbádégẹṣin tọ̀pá wá láti Ìgbóná:
"Àwáwù, kun ògiri rẹ̀ bí o bá fẹ́,
fi ẹ̀rọ fà á, fẹ ẹnu rẹ̀ sí i.
Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ẹ ṣí fún gbogbo ayé,
kò sí lọ́wọ́ ẹ láti tì."
Ìyá mi bínú fún ọjọ́ mẹ́ta.
Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, ó ti dípẹtà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Ti ẹbí nìyẹn.
Ọmọ ilé ń gba ibẹ̀ wọ yàrá ìkòkò,
àlejò kì í gba ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò rí kọ.
Ìyá àgbà a ti ìka bọ aró,
a fi kan ahọ́n, a dijú,
a ní "ó ti gbó," tàbí "ó dọ̀la."
Ohun tí ahọ́n rẹ̀ gbọ́, kò sọ ọ́ fún ẹnìkan.
Ìyá mi náà ń tọ́ ọ wò,
ìka kan náà, orúkọ kan náà,
ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ ló tún ṣe.
Tirẹ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni.
Ohun tí wọn kò fi hàn ọ́,
kí lo fẹ́ yí padà nínú rẹ̀?

Bátìrì ku méjì.
Mo ṣí kíláàsì kẹta, orúkọ ara mi.
N kò tíì mọ ohun tí n ó yí.
Lábẹ́ rẹṣọ, ìlà kan péré ni mo kọ:
kọ́kọ́ pe ti ìyá, lẹ́yìn náà

Òkùnkùn.
Korobá ró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà.
"Aláró o!"
Ìyá mi ti sùn.
Mo ní, "Mo ń bọ̀."